Ìdánwò Òfin Tí Ótán Ṣe Lẹ́ẹ̀kẹta

Láti kékeré ni gbogbo ilé ti ń pe àbúrò mi ní Ótán. Ẹnu rẹ̀ ló fà á. Bí ọmọ méjì bá ń jà lójúde, kí wọ́n tó rojọ́ dé ìdajì, ó ti dá a fún wọn: "Ìwọ lo jẹ̀bi. Lọ bẹ̀ ẹ́. Ó tán." Á kọ ẹ̀yìn sí wọn, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èyí tó ń bí mi nínú jù níbẹ̀ ni pé ó sábà máa ń tọ̀nà. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, tí mo fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ látòkè délẹ̀, èmi ni mo máa ń ṣì í dá.

Ó dàgbà, ìwà náà sì bá a dàgbà. Àwa méjèèjì la jọ ni ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ. Èmi ń fọ̀, òun ń lọ̀. Bí oníbàárà bá bá wa fa wàhálà nítorí bọ́tìnnì tó já, Ótán kì í tilẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Á ní bọ́tìnnì náà ti já kó tó gbé aṣọ wá, ó tán. Oníbàárà á wò mí, èmi náà á wo ilẹ̀.

Irú èèyàn yìí ló wá ní òun máa ṣe ìdánwò òfin. Ẹ má rò pé ọmọdé ló ń ṣe. Ọdún tí bàbá wa kú ló fi ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀, irun funfun sì ti ń yọ lórí rẹ̀ kó tó padà sí ti ìrọ̀lẹ́. Ó yege nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù. Òfin nìkan ló ń gbé e ṣubú, ó sì ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ló wà lọ́kàn rẹ̀, wọn kì í sì í gba ẹni tí kò bá pàásì òfin síbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ti kìlọ̀ fún un pé ẹ̀ẹ̀kẹta ni òpin. Bó bá tún féèlì, kó lọ gbájú mọ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀.

Kò yé mi bí ẹni tó ń dá gbogbo ayé lẹ́jọ́ ṣe lè féèlì òfin. Mo bi tíṣà rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà ni, oníbàárà wa ni pẹ̀lú, ó fẹ́ràn kí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì òun le gan-an. Ó mú ọ̀kan nínú ìwé ìdáhùn Ótán jáde nínú àpò rẹ̀, ó ní kí n kà á. Ìbéèrè náà ni pé ayálégbé kan jẹ gbèsè owó ilé, onílé fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹrù rẹ̀. Jíròrò ẹ̀tọ́ tí onílé ní. Àbúrò mi kọ ọ́ báyìí: "Kò ní ẹ̀tọ́. Kó lọ ṣí ilẹ̀kùn fún un." Ìlà kan ṣoṣo nìyẹn, ìdáhùn ti parí.

Mo ní ṣé kò tọ̀nà ni? Tíṣà ní ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n ogún máàkì ni ìbéèrè náà, ohun tó kọ kò sì ju máàkì méjì lọ. Ó ní àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ní èdè tiwọn. Bí wọ́n bá ní kí o dárúkọ, dárúkọ kí o kọjá lọ. Bí wọ́n bá ní kí o ṣàlàyé, sọ bí nǹkan ṣe rí àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí o jíròrò, wọ́n fẹ́ gbọ́ ẹnu onílé, kí wọ́n gbọ́ ẹnu ayálégbé, kí wọ́n mọ ohun tí òfin wí àti ẹjọ́ tí wọ́n ti dá rí, kí o tó wá sọ tìrẹ. "Àbúrò rẹ ń sáré lọ jókòó sórí àga adájọ́," ó ní, "nígbà tí ẹlẹ́rìí kò tíì wọlé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ máa kọ́ wa nílé ìwé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Màámi fi ọ̀rọ̀ yìí tọ́ wa ni, bóyá etí tí Ótán fi gbọ́ ọ ti di.

Ó bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lẹ àwọn ìbéèrè àtijọ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì tó fi ń lọ aṣọ. Ooru áyọ́ọ̀nù á mú kí ìwé náà ká jọ bí ewé gbígbẹ, á tún lẹ̀ ẹ́ padà. Orúkọ àwọn ẹjọ́ àtijọ́ tó yẹ kó tọ́ka sí kò wọ̀ ọ́ lórí, ó bá fún wọn ní orúkọ tirẹ̀: Ẹjọ́ Ajá Tó Bu Onílẹ́tà Jẹ, Ẹjọ́ Ògiri Tó Wọ Ilẹ̀ Aládùúgbò. Bó bá ń lọ kọ́là, á máa ka ohun tí olùpẹ̀jọ́ wí. Bó bá kan apá, ó di ti olùjẹ́jọ́. Àwọn oníbàárà tó ń dúró gba aṣọ á ka ògiri, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Àwọn kan gba aṣọ wọn tán, wọn ò lọ mọ́.

Òfin kan ṣoṣo ni tíṣà fún un: ọ̀rọ̀ ẹni tí kò fẹ́ gbèjà rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kọ, kó sì kọ ọ́ títí tí ẹni náà fúnra rẹ̀ á fi ní ó ti sọ tòun tán.

Èmi ni òfin yẹn kọ́kọ́ pa lára. Ọkùnrin kan gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ padà wá, aró búlúù ti ràn mọ́ ọn. Mo ti múra tán pé Ótán á lé e jáde fún mi. Ótán gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Mo ní mo gbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ro ẹjọ́ fún oníbàárà ju bí oníbàárà ṣe lè rò ó lọ. Ó ní funfun ni ìwé tí a já fún un pe aṣọ náà. Ó ní yíya aláró sọ́tọ̀, iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni. Ó ní ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń fọ̀ ọ́, ibo la fẹ́ kó ti rí ẹlẹ́rìí? Ó wá ro tiwa náà, pé òun ló ki ṣòkòtò tuntun aláró bọ inú àpò kan náà láìsọ fún wa. Ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó ní àwa la jẹ̀bi. Ọkùnrin náà dúpẹ́ títí. Èmi ni mo lọ ra ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn fún un. Mo bá a jà lọ́jọ́ náà débi pé omi inú ọpọ́n mi tutù. Gbogbo ohun tó fi dá mi lóhùn ni pé, "Àǹtí mi, mo jíròrò ni."

Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lọ sókè. Ara mi sì balẹ̀, títí tíṣà fi mú ìbéèrè kan wá pé kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: "Ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà gbà lẹ́nu ènìyàn kò gbọdọ̀ wúlò ní kóòtù, kódà bó bá jẹ́ òótọ́. Jíròrò."

Ótán ká a sí méjì, kò lẹ̀ ẹ́.

Ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀. Bàbá wa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ọkọ̀ akẹ́rù gbá a, kò sì dúró. Kò sẹ́ni tó rí nọ́ńbà ọkọ̀ náà. Ọlọ́pàá mú awakọ̀ kan, wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́, ó ti fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tí wọ́n dé kóòtù, adájọ́ rí i pé lílù ni wọ́n lù ú kó tó jẹ́wọ́, ó ní òun ò ní gba ìwé náà wọlé. Kò sì sí ẹ̀rí mìíràn. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Màámi nìkan ló ń lọ síbi ẹjọ́ náà nínú wa. Ọjọ́ tí wọ́n parí ẹ̀, ó wọlé, ó ní, "Wọ́n ti fi í sílẹ̀," ó sì wọ yàrá lọ. Láti ìgbà náà a kì í dárúkọ ọkùnrin náà nílé wa. Ọkùnrin Yẹn là ń pè é, ìyẹn náà kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà.

Ótán sọ fún tíṣà pé òun máa ka gbogbo ìyókù ní àkàtúnkà, kó fi ti ìjẹ́wọ́ sílẹ̀ fún òun. Tíṣà ní kò sí ọdún kan tí ọ̀rọ̀ náà kì í yọjú, àti pé bó bá fò ó, ìbéèrè mẹ́ta péré ló máa lè dáhùn dáadáa nínú mẹ́rin. Ótán fi àáké kọ́rí. Èmi náà wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Mo sọ fún tíṣà pé aṣọ rẹ̀ kò tíì gbẹ, kó máa lọ. Aṣọ náà ti gbẹ, ó wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn mi níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, mo rí i tó tú ìwé náà, tó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó kọ ìlà kan, ó ya á. Ó kọ òmíràn, ó ya á. Òórùn aṣọ tó ń jó ló gbé mi dìde. Kò jó aṣọ oníbàárà rí láyé rẹ̀. Ó pa áyọ́ọ̀nù, ó ní kí n bọ́ síwájú káńtà níbi tí oníbàárà ń dúró sí.

"Ẹ dúró síbẹ̀, Àǹtí. Ẹ ṣe bíi pé ẹ̀yin ni Ọkùnrin Yẹn. Ẹ rojọ́ yín."

Inú bí mi. Mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ó tún nawọ́ sí iwájú káńtà. Mo lọ dúró níbẹ̀ nítorí pé mo mọ àbúrò mi, ilẹ̀ á ṣú kó tó yí ọkàn padà. Mo ní ẹnu tèmi ò lè rojọ́ fún un. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí rò ó fúnra rẹ̀, bíi pé òun ni ọkùnrin náà: "Wọ́n dè mí, wọ́n lù mí, wọ́n ní kí n ṣáà ti gbà, wọ́n á sì dáwọ́ dúró." Ohùn rẹ̀ yí padà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Bí wọ́n bá lu èmi báyẹn," ó ní, "èmi náà á ní èmi ni mo pa bàbá wa."

Ó fa bébà, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ, kò sì gbórí sókè títí tó fi kún ojú ìwé mẹ́rin. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà má bàa wọlé bá a bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ ẹ́ ni pé kí Màámi má gbọ́. Ó gbà. Nígbàkígbà tí Màámi bá wá bá wa ká aṣọ lọ́sàn-án, a máa ń dojú ìwé yẹn bolẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Mi ò fọ aṣọ kankan títí tó fi padà. Nígbà tó dé, yíǹkì wà ní ìka rẹ̀, ó sì ní ìbéèrè náà wà níbẹ̀, òun sì dáhùn rẹ̀. Mo bi í bóyá ó tilẹ̀ rántí tiwa. Ó ní tiwa ló gba àyè jù: opó tó padà sílé lọ́wọ́ òfo, àwọn ọmọ tí kò ní mọ̀ láéláé ẹni tó pa bàbá àwọn. Òun wá kọ ọ́ ní ìparí pé adájọ́ náà tọ̀nà.  Mo bu oúnjẹ fún un.

Èsì jáde, ó yege. Máàkì tó gbà nínú òfin ju ti gbogbo àwọn ọmọdé tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún wa, ó ń rẹ́rìn-ín bíi pé òun ló ṣe ìdánwò. Màámi ń ká ìbọ̀sẹ̀ nígbà náà. Ó gbàdúrà fún Ótán títí, ó wá bi í pé kí ni wọ́n tilẹ̀ bi í. Mo tẹ Ótán lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ótán yọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ní bóyá ó yẹ kí kóòtù gba ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n lù kó tó jẹ́wọ́, Màámi. Mo kọ ọ́ pé kò yẹ. Mo kọ ọ́ pé adájọ́ tó fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀ tọ̀nà. Ẹ má bínú sí mi."

Tíṣà dìde, ó ní òun á padà wá gba aṣọ òun. Màámi kò wo ẹnikẹ́ni. Ó wá ìbọ̀sẹ̀ kan títí tó fi rí èkejì rẹ̀.

"Ọjọ́ tí wọ́n ní kí ọkùnrin náà búra," ó ní, "kò lè gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ọlọ́pàá ló bá a gbé e. Mo rí i, mo sì gbójú kúrò."

Ótán bi í, pẹ̀lú ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, bóyá ọkùnrin náà ló ṣe é.

"Mi ò mọ̀. Ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn látọjọ́ yìí nìyẹn. Ká ní wọ́n bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń bi ènìyàn ni, à bá mọ̀." Ó gbójú sókè. "Ṣé o kọ ìyẹn sí i?"

Ótán ní òun kò mọ ìyẹn nígbà tí òun ń kọ ìdánwò náà.

"Òun ló yẹ kó o fi ṣáájú," Màámi wí, ó sì na ọwọ́ sí ìbọ̀sẹ̀ mìíràn.