Àga Ìdí Fèrèsé

Gbogbo àdúgbò wa ló mọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi sí Àǹtí Onídìrí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé tí mo fi ń lọ sílé ìwé. Yàrá iwájú ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, yàrá yẹn nìkan ló sì ní fèrèsé ńlá nínú ilé náà. Àwọn yàrá yòókù ṣókùnkùn. Wọ́n kọjú síra wọn bí ẹni tó ń jà, bí ẹnì kan bá wúkọ́ nínú ọ̀kan, gbogbo ilé ló máa gbọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé Àǹtí ní iṣẹ́ kejì tí kì í gbowó lé lórí. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ọjà ló bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bá òun fún àwọn aláìsàn lóògùn. Ikọ́ fée pọ̀ ládùúgbò wa. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà lèèyàn ń lò ó, lójú ẹni tó máa rí i pé ó gbé e mì. Ìtìjú kì í jẹ́ káwọn èèyàn lọ sílé ìwòsàn. Lánlọ́ọ̀dù ti lé bàbá kan tó ń wúkọ́ jáde rí, tòun ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa bi obìnrin léèrè ohun tó ń wá lọ́dọ̀ onídìrí?

Bí àwọn obìnrin tó ń lo oògùn náà bá dé, àga ìdí fèrèsé ni Àǹtí máa fi wọ́n sí, kí atẹ́gùn lè gbé èémí wọn jáde. Á rọra fi oògùn sí wọn lọ́wọ́ bíi pé ìlẹ̀kẹ̀ irun ni, á gbé omi fún wọn, á ní kí wọ́n lanu kóun lè rí i pé wọ́n ti gbé e mì, á wá fọwọ́ kan irun wọn díẹ̀. Bí oníbàárà mìíràn bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, á ní ẹsẹ̀ àga náà ti kán.

Ìyàwó Káfíńtà ló kéré jù nínú wọn. Ó ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ò mọ̀ pé ó ń lo oògùn kankan. Ikọ́ náà ti ń rọlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti ń kún padà.

Ní Sátidé kan, ṣọ́ọ̀bù kún. Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, “Àǹtí, ẹ dákun, àga tẹ́sẹ̀ rẹ̀ kán yìí, ṣé èmi nìkan ni kì í gbà ni? Ìyàwó Káfíńtà ń jókòó lé e lójoojúmọ́, kò ṣubú.”

“Ìdí tiyín ló tóbi, Mà.”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

“Ó dáa, ìdí mi tóbi. Irun tiẹ̀ ńkọ́? Ojoojúmọ́ ló ń wá, irun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣì wà lórí ẹ̀. Àbí atẹ́gùn lẹ̀ ń tà fún un?”

Ìyàwó Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún ló fa ikọ́ jáde. Ó wú u títí ó fi tẹrí ba. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin tí wọ́n ń dirun fún lọ́wọ́ dìde pẹ̀lú irun ààbọ̀ lórí, ó ní òun gbé nǹkan kaná.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyàwó Káfíńtà ò wá. Àǹtí mú òòyà àti oògùn, èmi náà tẹ̀ lé e. Ìyá ọkọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“A ò ránṣẹ́ sí onídìrí.”

“Mà, irun tí mo bá a dì ò tíì parí.”

“Ó ti tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilé wa sinmi.”

Mo gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, bíi ti ẹni tó faṣọ bo ẹnu. A padà sílé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, wọ́n sọ fún un pé ìyàwó náà ti lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo àdúgbò ti mọ ohun tí àga ìdí fèrèsé wà fún, ṣọ́ọ̀bù sì dá. Irun mi ni Àǹtí ń tú, tó ń dì, kí ìka rẹ̀ má bàa le. Mo ní kó sọ fáwọn èèyàn pé òun ti fi iṣẹ́ oògùn sílẹ̀.

“Kí n wá sọ pé kí ni? Pé kò síkọ́ ládùúgbò yìí mọ́?”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ilé ìwé dé, mo bá Ìyàwó Káfíńtà lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ rẹ̀ dúró tì í, ó gbé ọmọ dání. Ìyàwó náà ti rù. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wọn pé ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn látìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ọmọ náà wò. Ìyàwó Káfíńtà wo inú ṣọ́ọ̀bù yí ká.

“Àǹtí, àwọn oníbàárà yín dà?”

“Ìwọ rèé. Wọlé, jókòó.”

Àǹtí fa àga sí ìdí fèrèsé, kò fa kọ́tìnì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun tó ti dì fún un nígbà náà. Irun ń bá a lọ́wọ́ jáde, ó ń ká a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí onírun má bàa rí i.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ń kọjá lọ níta. “Ẹ kú ọjà o, Mà,” Àǹtí kí i. Obìnrin náà gba òdìkejì títì.

“Bu omi wá,” Àǹtí sọ fún mi.

Mo bù ú wá. Ìyàwó Káfíńtà gbé oògùn mì. Àǹtí ní kó lanu, ó sì là á.