Bàbá mi gbé àkàbà kúrò lẹ́yìn káfíńtà

Títí di ìsinsìnyí, ẹ̀rín ò jẹ́ kí n jẹun.

Àárọ̀ yìí ni Sámúẹ́lì káfíńtà parí páànù tó ń kàn sórí ilé wa n'Ílútítun. Imọ̀ ọ̀pẹ la fi ń bolé tẹ́lẹ̀, ọdọọdún ni atẹ́gùn òkun sì ń kó o lọ.

Sámúẹ́lì nàró lórí òrùlé, ó ní, "Bàbá, kò sí atẹ́gùn tó lè ṣí èyí."

Bàbá mi rọra gbé àkàbà kúrò.

"Jókòó síbẹ̀ kí atẹ́gùn dé, ká jọ wò ó."

Sámúẹ́lì bẹ̀bẹ̀ títí, wọn ò gbọ́. Ìyá mi ṣàánú rẹ̀, wọ́n ju okùn sí i pé kó fi fa púpurù, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, sókè.

Lọ́sàn-án, atẹ́gùn dé lóòótọ́. Ó fẹ́ títí, páànù wa ò mì. Sámúẹ́lì ń rẹ́rìn-ín lókè, àfi bó ṣe kígbe lójijì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àkàbà wá."

"Kí ló tún dé?"

"Páànù ilé tèmi ló ń fò lọ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Òkúta ni mo fi tẹ̀ ẹ́, mi ò tíì ráyè kàn án."

Ẹ̀yin ará, ẹ dá sí i: ṣé ẹ máa gbéṣẹ́ fún un, àbí ẹ máa wá káfíńtà tí òrùlé tiẹ̀ ṣì wà lórí ilé?