Alfa Qòsím àti Ìndàráró

Èdè márùn-ún ni Alfa Qòsím gbọ́, gbogbo àdúgbò Banifandou ní Niamey ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn. Ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin, ó kọ́ Lárúbáwá nílé kéwú, ó kọ́ Haúsá lọ́jà, ó kọ́ Zarma ládùúgbò. Ní ti Faransé, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń kọ́ ọ ní Niamey lòun náà ti kọ́ ọ: lórí ìlà, nígbà tí wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé.

Ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn Yorùbá ìlú náà. Bí oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ bá fẹ́ gba ìwé ìgbélùú, Alfa ni wọ́n ń pè. Bí ọmọkùnrin wa kan bá fẹ́ fẹ́ ọmọ Zarma, Alfa ni yóò jókòó sáàárín ẹbí méjèèjì, tí yóò máa ṣa èébú kúrò nínú ọ̀rọ̀ kó tó gbé e sọdá. Ìgbéyàwó mẹ́rin ló wà ní Niamey lónìí tí kì bá tí sí, ká ní Alfa túmọ̀ ohun tí ìyá ìyàwó sọ gan-an.

Ilé kan ṣoṣo ló fi gbogbo iṣẹ́ yìí kọ́. Bíríkì amọ̀ ni, wọ́n wá rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí i lójú, bí ẹni tó gbé agbádá tuntun wọ̀ lé ṣòkòtò tó ti ya. Ilé amọ̀ kò ní wàhálà ní Niamey fún oṣù mẹ́sàn-án nínú ọdún. Oṣù mẹ́ta tó kù, àdúrà ló gbé e dúró. Lójò èṣí, ògiri Zubaidat, aládùúgbò wọn, dúró gbọin títí òjò fi dá. Ìgbà tí oòrùn wá yọ, tí gbogbo èèyàn ti ń kí ara wọn kú oríire, ni ògiri náà wó lulẹ̀ wìì, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ibi tó ń lọ. Ewúrẹ́ kan ló bá a lọ. Alfa lọ kí wọn, ó wo àlàpà náà títí, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tó délé pé bí tiwọn bá wó, òun kò ní agbára àtikọ́ òmíràn mọ́. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí rèé nígbà tí Ànísátù, ìyàwó rẹ̀, gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹrin, tó sì jókòó tì í.

"Bàbá Fàìsàt, Ìndàráró ti bàjẹ́ o."

Alfa bu òkèlè kan, ó gbé e mì. Kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ìndàráró. Ó wò ó pé orúkọ náà jọ ti Haúsá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ará ilé Zubaidat, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni Ànísátù ti ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ó ti pẹ́?" ló wí.

"Ó ti tó ọdún méjì. Ó ti gbó jù, kò lè gba omi dúró mọ́. Ara rẹ̀ ló ń dà sí."

Àánú ṣe Alfa. Ó rí bàbá arúgbó náà lójú ọkàn rẹ̀, lórí ẹní, pẹ̀lú àìsàn tí kò ṣeé sọ láwùjọ.

"Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà," ló wí.

Ànísátù wo ojú ọkọ rẹ̀ bóyá ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. "Àmín," lòun náà wí, ó kó àwo, ó sì lọ, ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ṣéńjì tí kò pé.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Alfa ní kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì bá òun ṣe àdúà fún aláìsàn kan tó ń jẹ́ Ìndàráró. Yorùbá ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ṣe é tọkàntọkàn.

Oṣù kan kọjá, Ànísátù tún dé. "Bàbá Fàìsàt, Ìndàráró yìí ti ń lọ o. Mo wò ó láàárọ̀ yìí, ó kù díẹ̀ báyìí."

"Gbogbo wa la ó lọ," ni Alfa wí, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan sí i?"

"Kí ni ènìyàn lè ṣe, Ìyá Fàìsàt? Bí àsìkò bá tó, ó tó."

Ànísátù kò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá ọkùnrin ọlọ́gbọ́n gbé, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ọlọ́gbọ́n bá sọ ni yóò yé èèyàn lójú ẹsẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ìdajì oṣù kẹfà. Kò pọ̀, òjò ìkíni lásán ni. Nígbà tó dá, Alfa jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì rí ohun tó mú un dúró sójú kan. Pánù gígùn tí wọ́n ṣẹ́ kọ́ bí ọpọ́n sétí òrùlé, èyí tó yẹ kó gba omi orí ilé, kó sì gbé e lọ sójú títì, ti dípẹtà, ó ti lu jálẹ̀jálẹ̀. Ìṣó kan ṣoṣo ló di ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ mú. Gbogbo omi tó yẹ kó gbé lọ ló dà sára ògiri yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn. Sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ ti wú, ó ti là. Alfa ti ìka bọ inú ẹ̀là náà. Ìka rẹ̀ wọlé dé oríkèé kejì, amọ̀ tútù sì tẹ̀ lé e jáde.

Ògiri Zubaidat ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, lẹ́yìn náà, ewúrẹ́.

Ó sáré béèrè oníṣẹ́ ní mọ́sáláṣí, ó júwe pánù náà àti gígùn rẹ̀, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà Boubacar, ọmọ Zarma kan tó mọṣẹ́ pánù gan-an. Alfa gbé fóònù. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ní Ìlọrin tí wọ́n ti bí Alfa, omi òjò ń ti orí ilé bọ́ sílẹ̀ gbooro bó ṣe wù ú. Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ là ń pè é. Àwọn ìyá á gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á pọn ọ́n fọṣọ. Kò sẹ́ni tó kan pánù mọ́ òrùlé láti fi gbà á, nítorí náà kò sẹ́ni tó sọ pánù bẹ́ẹ̀ lórúkọ fún un. Alfa ṣe bí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ṣe máa ń ṣe sí ohunkóhun tí omi bá ń gbà kọjá: ó pè é ní gọ́tà. Gọ́tà ńkọ́? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń túmọ̀ rẹ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìlú, fún àwọn obìnrin wa tó da omi ìfọṣọ sí i létí títì tí wọ́n sì mú. Kanifó ni Faransé ń pè é. Alfa lè túmọ̀ ìyẹn lójú oorun.

"Kanifó ilé mi ti bàjẹ́," ló wí lórí fóònù. "Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá. Kí ẹ bá mi ṣe tuntun."

Boubacar fèsì. "Alfaga, ẹni tó fún yín ní nọ́ńbà mi, ṣé ó sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún yín?"

"Ó sọ ọ́ dáadáa."

"Kanifó lẹ sì wí?"

"Ṣé ẹ ò gbọ́ Faransé ni?"

"Mo gbọ́ ọ, Alfaga," ni Boubacar wí. Ó sọ fóònù kalẹ̀, ó sì lọ yá dígà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, nítorí òun kò ní.

Lọ́jọ́ kejì, Alfa kọjá odò lọ sí Lamordé láti lọ bá ẹbí kan tọrọ ìyàwó. Ó fi ọkàn balẹ̀ lọ. Ìgbà tó dé lẹ́yìn ìrun àlásárì, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kó lè rí iṣẹ́ tuntun.

Ó kọ́kọ́ wòkè. Pánù àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó ń fì dìrodìro lórí ìṣó rẹ̀ kan. Ó wá wolẹ̀. Kòtò gbọọrọ kan wà ní ìdí ògiri yàrá, ó jìn dé orúnkún, wọ́n gbẹ́ ẹ gún régé láti ìkángun dé ìkángun, ó sì kọjá ògiri lọ sọ́nà títì. Boubacar dúró nínú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń retí ìyìn. Alfa tún wòkè. Ó tún wolẹ̀. Èdè márààrún sá lọ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí… kí nìyí?"

"Kanifó, Alfaga."

"Ta ló ní kí o gbẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Ó ya èmi náà lẹ́nu. Ògiri amọ̀, kí wọ́n tún wá gbẹ́ ìdí rẹ̀? Ṣùgbọ́n mo ní, alfa ni, yóò ní ìdí."

"Ìdí náà lo ti gbẹ́ tán yìí!" Alfa nawọ́ sókè, ó sì bọ́ sínú Yorùbá. "Tòkè yẹn ni mò ń wí! Gọ́tà òkè yẹn!"

Ariwo yìí ló mú Ànísátù àti Fàìsàt jáde. Fàìsàt ni àbígbẹ̀yìn wọn, ọmọ ogún ọdún, Niamey ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò sì ju èyí tó fi ń kí ìyá àgbà lórí fóònù lọ. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

"Ah, Baba," ló rọra wí sétí bàbá rẹ̀ ní Faransé. "Tòkè yẹn, gutíẹ̀ ni. Tilẹ̀ ni kanifó."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ jẹ́léósinmi mọ̀ ọ́n, Baba."

"O sì ń wò ó tó ń gbẹ́lẹ̀ látàárọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ògbufọ̀. Mo rò pé ó ní ìtumọ̀."

Alfa yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́, Ìyá Fàìsàt? O ò rí i?"

"Mo rí i," ni Ànísátù wí. "Ìgbà tí mo ní Ìndàráró ti bàjẹ́, ẹ ní kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà. Mo ní ó ti ń lọ, ẹ ní gbogbo wa la ó lọ. Ìgbà tí mo wá rí i pé ẹ ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀, mo ní bóyá ẹ fẹ́ sin ín ni."

"Ta ni Ìndàráró?"

Ànísátù nàka sókè, sí pánù tó ń fì. "Òun nìyẹn. Bí àwọn Haúsá ṣe ń pè é nìyẹn."

Boubacar gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo Yorùbá tọkọtaya yìí. "Indararo!" ló kígbe. "Indararo lẹ fẹ́? Indararo mà ni iṣẹ́ mi! Mo ti ṣẹ́ pánù yín sílẹ̀ látàná, wọ́n sọ gígùn rẹ̀ fún mi ní mọ́sáláṣí. Ẹ̀yin lẹ ní kanifó, ni mo bá fi í sílẹ̀ nílé."

Alfa jókòó sórí erùpẹ̀ tí wọ́n hú. Ó rántí àdúà ọjọ́ Jímọ̀.

Ibi tó jókòó sí yẹn ló ti rí i. Ojú ọ̀run ìlà-oòrùn ti pọ́n. Ògiri erùpẹ̀ kan ń bọ̀ láti ìta ìlú, ó ga ju mọ́sáláṣí lọ, pupa rẹ́súrẹ́sú, gbogbo ẹni tó bá sì gbé Niamey mọ ohun tó máa ń rìn lẹ́yìn rẹ̀. Bí òjò náà bá bá kòtò yìí níbí, tí pánù tó lu bá ń da omi orí ilé sínú rẹ̀, ìdí ògiri á mumi yó kí ìrun máńgàríbà tó wọlé.

"Ibo nilé rẹ?" Alfa bi Boubacar.

"Òpópónà kejì."

"Sáré!"

Boubacar sáré. Fàìsàt kó sọ́ọ̀lù rẹ̀ sẹ́yìn, ó gbé ṣọ́bìrì, ó ń da erùpẹ̀ padà sínú kòtò, Ànísátù ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí Boubacar fi pánù tuntun lérí dé, atẹ́gùn ti ń gbé aṣọ lórí okùn. Ó gun àkàbà, ó já ti àtijọ́ sọnù, Alfa di ẹ̀gbẹ́ kejì pánù tuntun mú láti orí àga. Ni Boubacar bá ń pàṣẹ lókè ní Faransé àti Zarma, atẹ́gùn ń jẹ ìdajì rẹ̀.

"Ó ní kí ni?" ni Alfa ń béèrè. Ó gbé e sókè, Boubacar pariwo. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ariwo náà tún pọ̀ sí i. Boubacar bọ́ sínú Haúsá, kò ràn án. Haúsá tí Alfa gbọ́ ni ti ọjà àti ti ìjókòó àna, kò sí ìṣó nínú rẹ̀.

Ànísátù dúró sísàlẹ̀, erùpẹ̀ kún ojú rẹ̀. Ó dá Boubacar lóhùn ní Haúsá, ó sì yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ó ní kí ọwọ́ yín rẹlẹ̀ ju tòun lọ díẹ̀, kí omi lè máa ṣàn sójú títì. Bí ẹ bá gbé e ga, ẹ̀yìn ló máa padà sí."

Alfa rẹ ọwọ́ sílẹ̀.

"Ó ní ó tó. Ó ní ẹ má mì."

Alfa kò mì.

"Ó tún sọ nǹkan kan," ni Alfa wí.

"Ìyẹn kò kàn yín," ni Ànísátù dáhùn, ó sì na ìṣó sókè sí oníṣẹ́.

Ìṣó ìkẹyìn wọlé bí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ ti bọ́. Wọ́n sáré wọ yàrá náà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ń gbọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ìlù òjò lórí òrùlé nìkan ni. Lẹ́yìn náà ni ohùn mìíràn, ohùn omi tó ń ṣàn gba ọ̀nà kan ṣoṣo, tó ń lọ sójú títì. Alfa fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Ó gbé e síbẹ̀ títí òjò fi dá. Kò tutù ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹta tí oòrùn ti ràn án gbẹ, Boubacar padà wá rẹ́ sìmẹ́ǹtì sójú ẹ̀là náà. Ó béèrè bóyá kí òun dí ìkángun kòtò tó kù, èyí tó jìnnà sí ògiri, tí omi pánù ń bọ́ sí kó tó dé títì. Alfa ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní òun mọ ohun tí òun ń ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Adékànmí, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, wọlé pẹ̀lú ẹ̀rù lójú. "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá oníṣẹ́ sọ̀rọ̀. Gọ́tà ilé mi ti bàjẹ́."

Alfa Qòsím gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó wá kọjú sínú ilé, ó sì pe ìyàwó rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ti gbé e.

"Ìyá Fàìsàt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta. Iṣẹ́ dé."