Wọ́n Fẹ́ Di Báńdéèjì Mọ́ Ojú Tó Ṣì Ń Ríran

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn aláàánú wa fẹ́ fi ojú bàbá mi ṣe. Inú ṣì ń bí mi, ẹ má retí kí n fi ẹ̀rín sọ ọ́.

Apẹja ni bàbá mi, Efire ló ń gbé. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí ẹjọ́ ti ń dé bá mi níbi tí mo ti ń ránṣọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, pé bàbá ti ń gbéraga. Bí èèyàn bá juwọ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́, kì í juwọ́ padà. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ lápá kan, bàbá á rìn kọjá bí ẹni pé igi ló wà nílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tiẹ̀ bínú, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìgbà tí mo lọ kí i, mo rí i tó yí gbogbo orí kó tó rí ife omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ni, kì í ṣe ìgbéraga!

Ni mo bá gbọ́ lórí rédíò pé ètò ìtọ́jú ojú ọ̀fẹ́ ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, fún àwa tí a ò ní ìnṣọ́ránsì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára bánnà: ÌDÈNÀ ÌFỌ́JÚ. Ìdènà o!

Mo lọ mú bàbá wá láti Efire, a sì ti wà lórí ìlà tipẹ́ kí àwọn ọlọ́lá tó dé. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, oòrùn sì ń pa àwọn arúgbó.

Nígbà tó kàn wá, dókítà kan yẹ ojú bàbá wò dáadáa. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, kò ṣe yàǹgà rárá. Ó ní gìlákómà ni, àìsàn tó máa ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín láìsí ìrora. Èyí tó ti lọ ò lè padà, àmọ́ tí bàbá bá ń kán oògùn sójú lójoojúmọ́, èyí tó kù lè dúró. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fún wa. Ó wolẹ̀. Ó ní wọn ò ra irú oògùn yẹn.

Kí ni wọ́n wá rà? Jígí ìkàwé! Wọ́n fún bàbá mi ní ọ̀kan, orúkọ olóṣèlú wà lára páálí rẹ̀. Bàbá tí kò dé ilé ìwé rí! Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Mo tọ obìnrin tó jẹ́ alákòóso ètò náà lọ. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni àwọn wá ṣe, fún àwọn tí kàtárákì ti bo ojú wọn, torí àwọn yẹn á ríran padà, gbogbo ayé á sì rí i pé ìjọba ń ṣiṣẹ́. Ó ní ti bàbá mi kò tíì burú. Mo bá àwọn tó ríran padà yọ̀ o. Àmọ́ ṣé ó dìgbà téèyàn bá fọ́jú kí wọ́n tó dènà ìfọ́jú fún un ni?

A ti ń lọ nígbà tó pè wá padà. Àṣé àga iwájú ò kún tó fún fọ́tò! Ó ní kí bàbá jókòó sáàárín àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, kí àwọn kàn di báńdéèjì mọ́ ojú rẹ̀ kan, kò ní pẹ́. Kí n tó lanu, ó ti na báńdéèjì sí i.

Bàbá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìjẹ̀bú ló fi sọ ọ́, Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ ni mò ń fi ròyìn: "Ọmọ mi, díẹ̀ ló kù tí mo fi ń rí yín. Ẹ ò fún mi lóògùn tí kò fi ní lọ, ẹ tún wá fẹ́ dí i?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wá ẹlòmíì. Ó sì rí!

Èmi ni mò ń wá oògùn náà kiri báyìí, nígbà míì a ò ní rí i rà. Ẹ̀kọ́ mi rèé: kí ẹ tó gbé òbí yín lọ síbi ètò ọ̀fẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n gbé wá. Ẹ má sì dúró dè wọ́n.

Bàbá ti wà lọ́dọ̀ mi. Ó máa ń pe àwọn ọmọ mi síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, á tẹjú mọ́ wọn títí. Mo bi í pé kí ló ń wò. Ó ní òun ń há ojú wọn sórí ni.

Ta nínú yín ni wọ́n ti lé padà rí nítorí pé àìsàn rẹ̀ kò tíì burú tó? Ẹ kọ ọ́ síbí, màá kà á sí bàbá létí.