Ìdí Ìbọn Tí A Gbẹ́ fún Àbúrò Mi

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì nínú oṣù Kejì, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, èmi àti àbúrò mi obìnrin wọ àgbàlá ilé bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Mushin. Òórùn tí ó kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ni mo fi ń rántí ọjọ́ náà: òórùn igi àpá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tí ó korò díẹ̀ nímú, tí ó sì dà pọ̀ mọ́ ti àtè tí ń hó lórí sítóòfù kẹrosíìnì. Mo mẹ́nu ba ọjọ́ àti wákàtí nítorí pé wọ́n wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Ìwọ náà mọ̀ mí, ohun tí n kò bá kọ sílẹ̀ kì í dá mi lójú. Nínú ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, apá kan wà nínú ìwé náà, apá kejì kò sí níbẹ̀. Apá kejì yẹn ni ó ti ń rẹ̀ mí láti ìgbà náà wá.

Àbúrò mi, àbíkẹ́yìn ìyá wa, a máa fi ìbọn afẹ́fẹ́ díje. Kì í ṣe ìbọn ọdẹ, kì í sì í ṣe ti ogun. Ọta rẹ̀ kò tó hóró ẹ̀wà. Bébà ni wọ́n ń yìn ín sí, nínú gbọ̀ngàn, láti mítà mẹ́wàá, àmì tí ó sì wà láàárín bébà náà kò ju ojú tí abẹ́rẹ́ lè dá sí i lọ. Ìbọn kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wọn ní fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ọkùnrin gíga kan ni wọ́n sì gbẹ́ igi ìdí rẹ̀, èyí tí a ń gbé lé èjìká, fún. Àbúrò mi kò ga. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti lọ sí ìdíje tí wọ́n fi ń ṣa ikọ̀ ìpínlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ó sì padà wálé láìwọlé sínú ikọ̀. Olùkọ́ rẹ̀, sójà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, sọ fún mi láìfi bò pé, “Ojú ọmọ yìí mú, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Igi yẹn ni kì í ṣe tirẹ̀.” Ó ní ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ni yóò kẹ́yìn, nítorí pé àwọn tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìdí ìbọn tí wọ́n ń tà lókè òkun ju agbára wa lọ. Èmi ni mo sọ pé kí á gbẹ́ tiwa.

Irin ìbọn náà kò fi ìgbà kan jẹ́ tiwa. Ẹgbẹ́ ni ó ni ín, ẹgbẹ́ ni ó sì ni ìwé àṣẹ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ wọn ibi tí irin yóò bọ́ sí nínú igi, olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e wá nínú àpótí tí a tì, yóò jókòó tì í bí ẹni tí ń ṣọ́ òkú, yóò sì gbé e padà. Igi nìkan ni iṣẹ́ tiwa.

Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọ Mushin àtijọ́ ni. Lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni ó ti jogún iṣẹ́, Àlàájì sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ páànù, kì í sì í fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀rọ níbẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ a máa yára ju ojú lọ. Bí ó bá fi ìfági fá igi tán, kì í wò ó; yóò di ojú, yóò sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi tí ọwọ́ bá ti dúró ni ìfági yóò tún padà sí. Aránṣọ kan ń gbé ní yàrá tí ó kọjú sí àgbàlá náà. Bí a ti ń kí bàbá lọ́wọ́ ni ó yọrí lójú fèrèsé.

“Àlàájì, ta lẹ tún fẹ́ bá jà lágbà yìí? Mo gbọ́ pé ìbọn lẹ fẹ́ ṣe.”

“Ọdẹ bébà ni wọ́n,” ni bàbá dáhùn.

“Ọdẹ bébà! Ṣé bébà ń sá ni?”

“Bébà kì í sá. Ìwọ tó ò ń sá fún àwọn tó ni aṣọ, ìwọ ni kó o bẹ̀rù.”

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá mú okùn òwú kan jáde, èyí tí ó máa ń ta kókó sí fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Èmi mú irin ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Yaba bí a ti ń wọn nǹkan. Mo rí i pé bàbá wo irin náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì rọra ká okùn rẹ̀ padà sínú àpò. “Tiyín ló péye jù, Ọ̀mọ̀wé,” ni ó wí. Ó yẹ kí n sọ pé bàbá kì í fi ọwọ́ kan obìnrin tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀. Nítorí náà, òun ni ó ń sọ ibi tí a ó wọ̀n, èmi ni mo ń wọ̀n ọ́n. Àbúrò mi gbé igi gbọọrọ kan lé èjìká bí ẹni gbé ìbọn, bàbá sì dúró ní iwájú rẹ̀ gan-an, ó ń tọ́ mi sọ́nà.

“Ọmọ mi, ṣé bó o ṣe máa ń gbé e rèé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ wọn ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí èjìká fún mi. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà.”

Ohun tí ó sọ yé mi. Ẹni tí ń yin ìbọn báyìí ní láti sinmi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi, kí ojú rẹ̀ lè bọ́ sí ọ̀gangan ihò tí ó fi ń wo àmì láìlo agbára rárá. Bí igi bá ga jù, a lè fá a. Bí ó bá kúrú, ọrùn ni yóò máa wá igi kiri. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo wọn ibẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó ìdajì mìlímítà, inú mi sì dùn. Àbúrò mi dúró jẹ́ẹ́, ó ń dáhùn ní ohùn pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ bàbá, gẹ́gẹ́ bí ìyá wa ti kọ́ gbogbo wa.

Àbámẹ́ta mẹ́fà ni a fi gbẹ́ igi náà. Ọdún yẹn kò rọgbọ fún mi. Ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ga lórí tábìlì mi, n kò sì sùn dáadáa. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ti mọ́, èmi àti àbúrò mi yóò kúrò ní Surulere, a ó fẹsẹ̀ rìn dé Ojú Ẹlẹ́gbà kí á tó wọ ọkọ̀, a kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ náà ń rẹ̀ ẹ́. Ọ́fíìsì kan ní Costain ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti fi gbogbo ọjọ́ ìsinmi ọdún náà pamọ́ de ìdíje. Bí ìrun ọ̀sán bá tó, bàbá yóò gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ìfá kan sí èkejì, yóò lọ kírun, yóò sì padà wá bá ibi tí ó fi í sí. Àwa yóò jókòó láàárín ẹ̀fá igi, a ó máa wo ìdí ìbọn náà bí ó ti ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú igi pupa yẹn. Ó lẹ́wà. N kò tíì rí ohun tí ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí ó ti inú ìṣirò mi jáde.

Ní Àbámẹ́ta kẹfà, olùkọ́ gbé irin ìbọn wá, irin náà wọlé sínú igi láìsí ariwo, bí ọwọ́ ti í wọ àpò. Àbúrò mi gbé e lé èjìká.

“Ṣé kò mú ọ lọ́rùn?” ni bàbá bi í.

“Rárá o, sà. Ó dáa. Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa.”

Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba iṣẹ́ náà. Olùkọ́ ní òun rò pé orí rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Àbúrò mi ní yóò mọ́ òun lára.

Ìdíje náà bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn èyí. Ọgọ́ta ọta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò yìn, ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n sì fẹ́ mú. Mo jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Fún nǹkan bí ìdajì àkókò náà, kò sí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Olùkọ́ tilẹ̀ yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì mi orí pẹ̀lú ayọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbọn sílẹ̀ láàárín ọta kan sí òmíràn, tí ó ń fi ọwọ́ òsì tẹ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó ń gbé e sókè, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìyìn ín. Àwọn mìíràn ń parí, òun kò tíì parí. Nígbà tí wọ́n ka èsì, ipò kẹrin ni ó wà, máàkì kan ṣoṣo ni ó sì wà láàárín òun àti ẹni kẹta.

Nínú ọgbà, níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀, olùkọ́ bi í pé, “Ìgbà wo ni ọrùn yẹn ti ń dùn ọ́?”

“Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á, sà.”

Olùkọ́ wò mí.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó lè gbé irin ìwọ̀n mi. Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo ní kí ó gbé igi náà lé èjìká. Bí mo ti sún mọ́ ọn báyìí ni mo rí i: ọrùn rẹ̀ rọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, láìjẹ́ pé ó mọ̀. Mo ní kí ó padà máa wo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, mo dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀. Bí a bá mú nọ́ńbà tí mo kọ sínú ìwé ní Mushin kúrò nínú èyí, mìlímítà mọ́kànlá ni ó ṣẹ́ kù. Lọ́dọọdún ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ìwọ̀n mẹ́ta lè bá ara wọn mu kí wọ́n má bá òtítọ́ mu. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo wọn ọmọ tí ń tẹrí ba fún àgbà, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ojú mi kò rí i nítorí pé ohun tí ó yẹ ọmọ ni.

“Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?” ni mo bi í.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n sọ? Bàbá arúgbó á fi oṣù kan ààbọ̀ gbẹ́gi fún mi, màá wá dúró níwájú wọn pé kò dáa? Ẹ̀yin gan-an lẹ máa kọ́kọ́ bú mi.”

Òtítọ́ ni ó sọ. Ǹ bá bú u.

A gbé igi náà padà lọ sí Mushin. Mo ṣàlàyé fún bàbá, mo gba ẹ̀bi náà sọ́rùn, mo dọ̀bálẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbé sinmi. “Ẹ dìde, Ọ̀mọ̀wé,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Irin ìwọ̀n yín ò purọ́. Èmi ni mo gbàgbé iṣẹ́ mi. Bí mo bá fẹ́ gbẹ́ àga fún èèyàn, ẹ̀yìn ni mo ti máa ń yọ́ wò ó bó ṣe ń jókòó, torí kò sẹ́ni tó ń jókòó bó ṣe máa ń jókòó lójú àgbà. Irin tẹ́ ẹ mú wá ló jẹ́ kí n rò pé kò tún sí ohun tó kù fún mi láti wò.” Ó lẹ pẹlẹbẹ igi àpá kan mọ́ ọn lórí, ó fá a títí ojú ìsopọ̀ fi pòórá. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ gbé irin wá, bàbá ní kí gbogbo wa kọ ẹ̀yìn sí àbúrò mi, títí kan aránṣọ lójú fèrèsé. Nígbà tí a yíjú padà, orí rẹ̀ dúró gbọn-in.

Kò díje mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka ọ́fíìsì wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ọdún tó parí, ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ ni ó sì ń lo ìdí ìbọn náà báyìí. Mo gbọ́ pé ó bá a mu díẹ̀. Mo ti tún gbogbo ìwọ̀n inú ìwé mi ṣe, mo fi yíǹkì pupa kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ohun tí ó yé mi nínú rẹ̀ kò pọ̀: mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ bí a ti ń ka nọ́ńbà, n kò kọ́ bí a ti ń wo ẹni tí a ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá mìlímítà mọ́kànlá yẹn ni ó gba ipò kẹta lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun kan náà ni ó sì sọ lọ́jọ́ mìíràn pé ẹ̀rù ni. Ní ọdún tó kọjá, mo bi àbúrò mi lórí fóònù bóyá ó bínú sí mi. Ó ní rárá. N kò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni ó sọ.