Katakata Tó Ya Ẹsẹ̀ Kan

Iṣẹ́ táyà ni mò ń ṣe ní Malu Road, mo sì ti lé ní ogún ọdún nídìí ẹ̀. Táyà tírélà la mọ̀ níbẹ̀. A ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí yóò fi le koko, a ó fi irin gbá a, tó bá ti dún bó ṣe yẹ kó dún, awakọ̀ lè máa lọ. Ilẹ̀ Àpápá tẹ́jú. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè rí bóyá ọkọ̀ lè dojú dé torí pé ilẹ̀ dagẹ̀rẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ni awakọ̀ katakata kan tí mò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Yóò fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Oko orí òkè lápá Èkìtì ló ti kọ́ iṣẹ́ kó tó kó ìyàwó àti ọmọ wá sí Ajégúnlẹ̀. Ọ̀gá kan tó ra katakata tòkunbọ̀ ló gbà á síṣẹ́. Wọ́n gbéṣẹ́ fún ọ̀gá náà pé kó máa gé koríko ara òkè erùpẹ̀ tí wọ́n fi gbé ẹnu bíríìjì kan ró, nítòsí Liverpool Road. Òkè yẹn dà bí òrùlé. Bí èèyàn bá dúró sára ẹ̀, orúnkún kan á ká, ìkejì á nà.

"Àbúrò," Ẹ̀gbọ́n wí lọ́jọ́ tó gbé katakata náà wá, "tí o bá fẹ́ táyà yìí bí o ṣe ń fẹ́ ti tírélà, o ti gbẹ́ sàréè mi nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kan gbáko la fi ṣe é. Nọ́ọ̀tì ló so irin tí táyà ẹ̀yìn jókòó lé mọ́ àwo àárín ẹ̀. A tú u, a yí i padà, a tún un dè síta, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì lè jìnnà síra. A rọ omi sínú táyà ẹ̀yìn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kí ìwúwo lè wà nísàlẹ̀. Atẹ́gùn tí a wá fẹ́ sí i kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀gbọ́n gba gẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́ mi, ó wọ̀n ọ́n fúnra ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní tí ọ̀kan bá fi díẹ̀ rọ̀ ju ìkejì lọ, orí òkè ni èèyàn á ti mọ̀. Nígbà tí a parí, katakata náà dúró bí ẹni tó yasẹ̀ fún ìjàkadì.

Ní ìrọ̀lẹ́, kò gba ẹnu géètì wọlé.

Inú ọgbà kan ní Amukoko ni ọ̀gá ń gbé e sí. Bàbá onílé jẹ́ ọmọ àwọn tó ti ni ilẹ̀ àdúgbò yẹn tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká wó ẹ̀gbẹ́ pílà kan díẹ̀.

"Pílà wo?" ni bàbá dáhùn. "Èyí tí bàbá mi fọwọ́ ara wọn mọ? Nítorí garawa oníwíìlì yín yìí?"

Ọ̀gá ní katakata òun kò ní sùn síta, àwọn olè á tú bátìrì ẹ̀ lọ kílẹ̀ tó mọ́. Irọ́ kọ́. Ó ní ká da ẹsẹ̀ méjèèjì padà sínú. Ẹ̀gbọ́n kọ̀. Wọ́n fà á títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀ọ́líìbí ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé. Ebi ń pa mí. Èmi ni mo sọ pé ká da ti òsì nìkan padà, ká fi ti ọ̀tún sílẹ̀ síta. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n, mo sì fi hàn wọ́n pé á wọlé.

Ẹ̀gbọ́n rìn yí katakata náà ká. Ó ní, "Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹsẹ̀ tó yà ló gbọ́dọ̀ máa wà nísàlẹ̀ nígbà gbogbo. Tí mo bá gba ara òkè lọ, mi ò gbọdọ̀ gbà á bọ̀."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó máa ń gé koríko lọ sí apá èbúté, ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀. Tó bá dé òpin, á sọ̀ kalẹ̀ sí títì, á gba títì padà, á wá tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní kí n máa bá a lọ lójoojúmọ́ láti yẹ táyà wò. Àwọn awakọ̀ tírélà tó tò sí títì máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, katakata yín mà ń tiro o! Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun!"

"Ó ń tiro, ó ń ṣiṣẹ́," Ẹ̀gbọ́n á dá wọn lóhùn. "Ẹ̀yin tẹ́sẹ̀ yín pé, ṣebí láti ìjẹrin lẹ ti wà lójú kan."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é láyọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a dé òpin òkè, a wo ìsàlẹ̀, tírélà ti dí títì pa. Àyè kò sí fún alùpùpù, áńbọ̀sì katakata. Ìlà kan péré ló kù láti gé. Ọ̀gá ń pariwo lórí fóònù pé àwọn tó fẹ́ wá yẹ iṣẹ́ wò ti wà lọ́nà. Mo jókòó lórí irin tó bo táyà ọ̀tún, níbi tí kò yẹ kẹ́nikẹ́ni jókòó sí. Ọkàn mi wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo fi sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wo títì, ó wo òkè, ó wá yíjú sí mi. "Àbúrò, kí lo rí sí i? Ká dúró dè wọ́n, àbí ká gba òkè padà?"

Èmi tí mo da táyà òsì sínú, mo mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo ní, "Ẹ máa rọra lọ. Ṣebí omi wà nínú táyà."

Ó rọra lọ lóòótọ́. A ti dé ìdajì kí táyà òsì, tó ti wá bọ́ sísàlẹ̀, tó kó sínú kòtò kan tí àgbàrá gbẹ́. Kòtò náà kò jìn ju abọ́ ìfọṣọ lọ. Ká ní ẹsẹ̀ yẹn yà ni, a kì bá tí mọ̀ pé a kọjá níbẹ̀. Mo rí i pé irin abẹ́ mi ń gbé mi sókè. Mo fò sápá òkè. Mi ò pariwo, mi ò pe Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti gé irin tó yẹ kó dáàbò bo ìjókòó awakọ̀ kí katakata náà tó dé Èkó. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró lé Ẹ̀gbọ́n lórí.

Àwọn awakọ̀ tírélà tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ló sáré wá gbé e. Ẹ̀mí ti bọ́.

Ọ̀gá ní àìfarabalẹ̀ awakọ̀ ni, ta ló rán an gba òkè padà? Bàbá onílé ní àkókò ẹ̀ ló tó. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá tó gbé àfọ́kù katakata náà dé Amukoko, tí géètì kò gbà á, wọ́n wó pílà. Kò tó wákàtí kan. Bàbá onílé dúró, wọ́n ń wò ó. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé kí búlọ́ọ̀kù má wó lu adìẹ àwọn. Ọlọ́pàá bi mí ní ìbéèrè, mo ní mi ò mọ nǹkan kan, ńṣe ni mo jókòó. Látìgbà náà, mi ò lè gun bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ láìdi irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú. Tí ènìyàn bá dédé pè mí lẹ́yìn, àyà mi á já.

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn ìsìnkú. Ó jókòó lórí táyà kan. Mo pa ẹ̀rọ atẹ́gùn kí n lè gbọ́ ohùn ẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú wọn. Bàbá àwọn ọmọ ti sọ fún mi nílé pé àwọn ò gbọdọ̀ gba òkè yẹn bọ̀. Ta ló ní kí wọ́n gbà á?"

"Àwọn fúnra wọn ni," mo wí. "Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́."

Ó mi orí. "Olóríkunkun ni wọ́n, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo máa sọ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n má fìwà yẹn jọ bàbá wọn." Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú.

Ó ṣì ń kọjá ní Malu Road. Ó máa ń dúró kí mi, ó sì máa ń ní kí àwọn ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ti ń dàgbà. Mo máa ń dá wọn lóhùn.