Àwo Idẹ Ìyá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé àwo idẹ nígbà tí a pín ẹrù ìyá wa. Èmi àbíkẹ́yìn kó aṣọ. Bẹ́ẹ̀, àwo yẹn gan-an lèmi fẹ́. Òun ni màmá fi ń gbé omi fún àlejò, bàbá wa pàápàá ò gbọdọ̀ fi jẹ ẹ̀pà.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìgándò, mo bá àwo náà lábẹ́ àga. Àbẹ́là ni wọ́n ń tàn sórí ẹ̀! Èyí tó yọ́ lánàá ti dì mọ́ tìjẹta, ó pọ́n bí eyín aláṣàá. Ìyẹ́ aáyán wà nínú ẹ̀, irun orí wà níbẹ̀, ìgbẹ́ ọmọnílé náà ò gbẹ́yìn. Ó rí mi lára débi pé mi ò lè mu omi inú ọ̀rá tí wọ́n fún mi.

“Wọn kì í fún wa níná dáadáa mọ́ ni,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́. Ṣé àìsíná ló ní kéèyàn má fọ nǹkan ni?

Wọ́n tún ní, “Tó o bá lè fọ̀ ọ́, máa gbé e lọ jàre.”

Mi ò dúró gbọ́ èkejì. Wọ́n fẹ́ fún mi lọ́bẹ, mo ní rárá, ọ̀bẹ á ha idẹ. Mo gbé omi kaná, mo dà á sí báàfù, mo ri àwo náà sí i, bí àbẹ́là ṣe ń rọ̀ ni mò ń fi àkísà fà á kúrò. Ọ̀rá ẹ̀ léfòó bí ọ̀rá ọbẹ̀ àná, ẹsẹ̀ aáyán ń yí po láàárín ẹ̀. Èyí tó wọ èékánná mi ń yọ̀ bí ikun imú. Mo wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú èédú bó o títí tó fi ń dán yanran.

Ẹ̀gbọ́n mi wá dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

“Ohun ìyá wa mà nìyí,” ni wọ́n wí. “Jẹ́ kó ṣì wà níbí ṣá.”

Mo wo ojú wọn. Wọ́n rí mi lára ju aáyán yẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n lẹ̀gbọ́n ń jẹ́, mo kúnlẹ̀, mo dágbére. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mò ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni iná lọ. Mo gbọ́ tí wọ́n ṣá ìṣáná, mo bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ti dorí àbẹ́là kodò, wọ́n ń kán an sójú idẹ kó lè dúró.